Wọ́n Gba Báírò Pupa Lọ́wọ́ Mi

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo jẹ̀bi rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo fi tèmi pamọ́. Ní ọjọ́ kẹsàn-án tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìlú Òyìnbó, mo fi báírò pupa tún ìwé ọ̀gá mi ṣe níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè rí i. Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀kan. Ọwọ́ mi ló ṣe é.

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ilé-ẹ̀kọ́ gírámà kan ní ojú ọ̀nà Akanran kí n tó fi ilé sílẹ̀. Mo gba oyè yunifásítì nínú èdè náà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe yunifásítì ló fi báírò pupa lé mi lọ́wọ́, bàámi ni. Wọ́n ti fẹ̀yìntì báyìí, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Ní ilé wa, kò sí ìwé tí kì í kọjá lábẹ́ báírò yẹn: ìwé ìkéde òkú, ìwé ètò ìsìn tí màámi bá mú bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun wọn, àní ìwé tí ìjọba ìbílẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ògiri. Bàámi á fa ìlà kan ṣoṣo la àárín ọ̀rọ̀ tí kò dára kọjá, wọ́n á kọ èyí tó dára sí òkè rẹ̀. Ìlà kan ṣoṣo. Wọn kì í ha á, wọn kì í sì í fi ohunkóhun pa á rẹ́. "Ẹni tó bá pa àṣìṣe rẹ́," wọ́n máa ń wí, "irọ́ ló ń pa fún ẹni tí yóò kà á lọ́la."

Ẹ fi èyí sọ́kàn. Orí rẹ̀ ni gbogbo ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò dúró lé.

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní ìlú kékeré kan tí òjò rẹ̀ kì í le, tí kì í sì í dá. Mi ò ní sọ bí mo ṣe dé ibẹ̀. Ẹni tó ti lọ mọ̀ ọ́n, ẹni tí kò tíì lọ kò ní gbà mí gbọ́. Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù kì í ṣe òtútù, ìdákẹ́jẹ́ ni. Ní àárọ̀ ọjọ́ kìíní, mo kí ènìyàn mẹ́rin lójú ọ̀nà. Ẹnì kan ṣoṣo ló jọ pé ó dá mi lóhùn, nígbà tí mo sì wò ó dáadáa, ajá rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀.

Ohun kejì ni pé wọ́n ní kí n máa pe àwọn àgbàlagbà ní orúkọ. Harold, wá jẹun. Harold, gbé ẹsẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń pè ní Harold yìí fi ọdún mẹ́wàá ju bàámi lọ, ó kéré tán. Ẹnu mi kọ̀. Mo gbìyànjú rẹ̀ níwájú dígí nínú yàrá mi. Orúkọ náà dé ètè, ó padà. Ní ọjọ́ kẹta mo sọ fún wọn pé "Bàbá" ni màá máa pè wọ́n.

"Kí ni ìyẹn?" Ojú wọn le. Ogójì ọdún ni wọ́n fi jókòó sínú ahéré onígíláàsì kan lẹ́bàá ojú irin, tí wọ́n ń fi àmì hàn fún àwọn ọkọ̀ pé kí wọ́n kọjá tàbí kí wọ́n dúró. Ẹni tó ti dá ọkọ̀ ojú irin dúró rí, kì í bẹ̀rù olùtọ́jú.

"Orúkọ tí a fi ń pe bàbá ẹni ni."

"Mi ò bímọ."

"Ìyẹn ò dí i lọ́wọ́. Èmi ni màá máa pè, ẹ̀yin ẹ ṣáà máa jẹ́ mi."

Wọ́n wò mí títí. "Tí mi ò bá wá jẹ́ ńkọ́?"

"Màá tún pè."

Ní ọjọ́ karùn-ún, wọ́n jẹ́.

Mo padà sórí ìwé ọ̀gá mi. Lisa ni orúkọ rẹ̀, igbákejì ọ̀gá ilé náà ni, mo sì fi ọdún mẹ́sàn-án jù ú lọ. Ó lẹ ìkìlọ̀ kan mọ́ pátákó ìfilọ̀ níbi tí àwa òṣìṣẹ́ ti máa ń mu tíì: "All staff must of signed there sheets before they goes home." Gbólóhùn kan, àṣìṣe mẹ́ta. Mo dúró kí omi tíì mi hó. Kí omi náà tó hó, mo ti fa ìlà mẹ́ta, mo ti kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta sí òkè, mo ti kọ déètì sí ìsàlẹ̀, mo sì ti buwọ́ lù ú, bí mo ṣe máa ń ṣe sí ìwé àwọn ọmọ kíláàsì mi. Díẹ̀ ló kù kí n fún un ní máàkì.

Bísí ló kọ́kọ́ rí i. Ọmọ Alákíà ni, ó dàgbà sábẹ́ ariwo bàálù tó ń balẹ̀ lẹ́yìnkùlé wọn. Èmi àti òun nìkan ni Yorùbá nínú ilé náà.

"Àǹtí Tíṣà." Ó rọra gbé ife rẹ̀ kalẹ̀. "Ta ló rán yín níṣẹ́?"

"Àṣìṣe ni."

"Mo mọ̀ pé àṣìṣe ni. Àṣìṣe ọ̀gá ni. Ṣé ẹ máa ń máàkì ọ̀gá ní Akanran ni?"

"Ìwé ìjọba ìbílẹ̀ gan-an, bàámi máa ń..."

"Bàámi yín wà nílé yín. Ẹ yọ ọ́ kíá, kí n fi tíì gbé e mì."

A kò tíì yọ ọ́ tán tí Lisa fi wọlé. Ó kà á. Ọrùn rẹ̀ pọ́n kí ojú rẹ̀ tó pọ́n. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "O ṣeun, ọ̀jọ̀gbọ́n," ó ká ìwé náà, ó tì í bọ àpò. Kí ọ̀sán tó pọ́n, òfin tuntun ti jáde. Báírò dúdú nìkan ni kí a máa lò nínú ilé náà. Ó na ọwọ́ sí mi bí ẹni tó ń gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọdé, mo sì yọ pupa inú àpò mi fún un. Lẹ́yìn èyí, ó ní àwa tí a wá láti òkè òkun kò gbọdọ̀ tẹ àkọsílẹ̀ iṣẹ́ wa sínú kọ̀ǹpútà fúnra wa mọ́. A ó máa kọ ọ́ sórí bébà, òun yóò máa tún Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ṣe, òun yóò sì tẹ̀ ẹ́.

"Ó tán," ni Bísí wí bí a ṣe ń wọ aṣọ òjò. "Nítorí ìlà mẹ́ta, gbogbo wa ti padà sí praimari."

Ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń pe ilé. Màámi á kọ́kọ́ gbàdúrà, wọ́n á pe ángẹ́lì mẹ́rin sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yàrá mi, lẹ́yìn náà bàámi á gba fóònù.

"Gẹ̀ẹ́sì wọn ńkọ́?" Ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ bi mí nìyẹn, kí wọ́n tó béèrè àlàáfíà mi. Ọkàn wọn ni pé gbogbo ìlú náà ń sọ̀rọ̀ bí ìwé kíkà tí wọ́n fi kọ́ wa.

"Ó wà bẹ́ẹ̀, sà."

"Ṣé wọ́n ti mọ irú ẹni tí o jẹ́?"

Mo ní wọ́n ti mọ̀. Mo ní èmi ni mo tún ìwé ìkìlọ̀ ọ̀gá mi ṣe. Irọ́ kọ́ ni. Mi ò kàn sọ èyí tó kù ni.

"Àlùhámúdùlíláì. Ìyá ọmọ, ṣé o ń gbọ́? Àwọn Òyìnbó ń gbé Gẹ̀ẹ́sì wọn wá fún ọmọ wa kí ó bá wọn tún un ṣe."

Kí ọjọ́ Àìkú kejì tó pé, gbogbo àwọn afẹ̀yìntì tó ń ṣèpàdé ní Akanran ti gbọ́. Ọ̀kan nínú wọn fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù pé kí n bá òun wo ìwé ẹ̀hónú kan kí òun tó fi ránṣẹ́ sí ìjọba. Mo bá wọn wò ó. Àṣìṣe méjì péré ló wà níbẹ̀, inú mi sì dùn débi pé mo sunkún.

Ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ yìí. Láàárín àwọn ènìyàn mi, èdè yìí ni aṣọ tí mo fi ń jáde. Òun ni wọ́n fi ń dá mi mọ̀ láti Akanran dé Ẹ̀gbẹ́dá: ọmọ tíṣà, òun náà tíṣà. Mo wọ aṣọ náà lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ni ín, wọ́n wá ń wò mí bí ẹni tó jí i wọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé mi ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni, wọn ì bá ṣàánú mi. Mo ti rí àwọn tí wọ́n ṣàánú wọn. Ohun tí wọn kò lè fara dà ni pé mo gbọ́ ọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni mo fi gbé bébà fún Lisa. Pẹ́ńsùlù ló fi ń tún un ṣe, mo sì lè sọ ohun tó ṣe níbẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Mo kọ pé Bàbá mu "fewer than four cups". Ó yí i sí "less". Mo kọ "whom" síbi tó yẹ ẹ́, ó yọ ọ́, ó kọ "who", ó fa ìlà sí i lábẹ́ bí ẹni pé ó ṣàwárí nǹkan. Mo sọ fún un ní ọjọ́ kẹta pé kí ó jọ̀wọ́ máa dá àwọn bébà náà padà fún mi, nítorí ní ọ̀dọ̀ wa, akẹ́kọ̀ọ́ ló ni ìwé rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti máàkì rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. "Máa kó wọn lọ sílé, ọ̀jọ̀gbọ́n. Máa fi kàwé." Mo ń kó wọn lọ. Mo ra fáìlì kan, mo ń tò wọ́n sínú rẹ̀ ní ọjọ́ ní ọjọ́, bí mo ṣe máa ń to ìwé ìdánwò àwọn ọmọ títí di ìparí sáà.

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ó lẹ bébà kan mọ́ pátákó ìfilọ̀: àwọn àṣìṣe Gẹ̀ẹ́sì tí a gbọ́dọ̀ yẹra fún. Gbólóhùn mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ láti inú àkọsílẹ̀ àwa àjèjì. Márùn-ún jẹ́ tèmi. Nínú márùn-ún náà, mẹ́rin kò ní àṣìṣe kankan. Èkarùn-ún ni "I met him awake," mo sì gbà pé mo jẹ̀bi rẹ̀. Yorùbá ni mo ń sọ, mo bá wọn lójúfò, mo kàn fi aṣọ Gẹ̀ẹ́sì bò ó ni. Mo máa ń fa ìlà pupa lórí irú rẹ̀ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi. Alásè ilé náà dúró síwájú pátákó, ó ń kà á sókè pẹ̀lú ohùn tó rò pé ó jọ tiwa. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Bísí náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, nítorí ó rò pé tí òun bá rẹ́rìn-ín wọn kò ní rántí pé méjì nínú rẹ̀ jẹ́ tòun. Mi ò bá a wí.

Bàbá, tí wọ́n ti ń pe Lisa ní ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ láti ìgbà òfin báírò, ló rí i lójú mi nígbà tí mo gbé oúnjẹ wọn wọlé.

"Kí ni ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ gbà lọ́wọ́ ẹ lónìí?"

"Gbólóhùn márùn-ún, Bàbá."

"Ṣé ó fa ìlà lé e ni, tàbí ó pa á rẹ́?"

Mo béèrè ìdí tí wọ́n fi bi mí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní nínú ahéré wọn, ìwé ńlá kan wà tí wọ́n fi ń kọ gbogbo ọkọ̀ ojú irin tó bá kọjá. Bí ọwọ́ bá ṣì, ìlà kan ni kí o fà, kí o kọ èyí tó tọ́, kí o kọ orúkọ rẹ sí ẹ̀gbẹ́. Ẹni tó bá pa nǹkan rẹ́ nínú ìwé náà, ilé ló ń lọ lọ́jọ́ náà, nítorí ọkọ̀ méjì lè tìtorí rẹ̀ pàdé ara wọn.

Mo gbé àwo oúnjẹ dání, mi ò lè gbé e kalẹ̀. Mo ní kí wọ́n tún un sọ.

"Ṣé adití ni ẹ́?" Wọ́n tún un sọ.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, bí mo ṣe ń fọ ẹsẹ̀ Bàbá, mo rí ojú dúdú kan ní gìgísẹ̀ òsì, tó tóbi tó ìdérí ìgò. Ó gbóná. Ẹni tó bá ń dùbúlẹ̀ pẹ́, ibẹ̀ ni egbò ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Mo lọ sọ fún Lisa ní agogo mẹ́wàá. Mo padà wá kọ ọ́ sórí bébà, gbólóhùn mẹ́ta: pé gìgísẹ̀ òsì Baba ti ń dúdú, ó sì gbóná; pé mo ti sọ fún Lisa ní agogo mẹ́wàá; pé ó yẹ kí nọ́ọ̀sì wá wò ó lónìí. Lisa fi pẹ́ńsùlù yí ìkejì àti ìkẹta ká, ó kọ sí ẹ̀gbẹ́ pé ó ti gùn jù, pé ìtàn kọ́ ni kí n máa kọ. Mo tún un kọ lọ́jọ́rú. Mo tún un kọ ní Ọjọ́bọ̀, mo sì tún tọ̀ ọ́ lọ.

"Ṣé o ti wá di nọ́ọ̀sì báyìí, ọ̀jọ̀gbọ́n?"

Ọjọ́ Ẹtì ni ìsinmi mi. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n fi ọkọ̀ aláìsàn gbé Bàbá lọ sí ọsibítù, ara wọn ń gbóná bí ààrò.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí mi ò pe nọ́ọ̀sì fúnra mi. Mo ti bi ara mi léèrè ju bí ẹ ṣe lè bi mí lọ. Òfin ilé náà ni pé igbákejì ọ̀gá ló ń pè é, ìwé àṣẹ tí mo fi ń gbé ìlú náà sì so mọ́ iṣẹ́ yìí bí okùn ṣe ń so mọ́ ọrùn ewúrẹ́. Mo bẹ̀rù. Ẹ kọ ìyẹn náà mọ́ àwọn ẹ̀bi mi.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n Bàbá, obìnrin kan tí kò yọjú láti ọjọ́ Àjíǹde, wá jà. Ọ̀gá àgbà, ẹni tí a kì í rí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́sẹ̀, pe ìpàdé sí ọ̀sán ọjọ́ Ajé. Lisa jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Wọ́n ṣí kọ̀ǹpútà. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀, gbólóhùn kan náà ló wà níbẹ̀, lábẹ́ orúkọ mi: a wẹ ẹsẹ̀ Harold, kò sí ìyọnu.

"Kò sọ nǹkan kan fún mi," ni Lisa wí. "Tí ó bá sọ ọ́, ó ṣeé ṣe kí n má gbọ́ ohun tó ń sọ. Ẹ mọ bí Gẹ̀ẹ́sì wọn ṣe rí."

Bí wọ́n bá lé mi lórí ọ̀rọ̀ yìí, kì í ṣe pé n ó padà sílé nìkan. N ó padà pẹ̀lú orúkọ ẹni tó jẹ́ kí ẹsẹ̀ arúgbó jẹrà níṣojú rẹ̀, ní ìlú tí bàámi ti ń fi mí yangàn láàárín àwọn afẹ̀yìntì ẹgbẹ́ wọn.

Mo yọ fáìlì mi. Bébà mọ́kànlélógójì, ìwé ọwọ́ mi, pẹ́ńsùlù Lisa lórí rẹ̀. Mo gbé mẹ́ta sókè, mo tẹ́ wọn síwájú ọ̀gá àgbà. Ojú Lisa funfun. Lẹ́yìn náà ó tẹ̀ síwájú, ó kà á, ojú rẹ̀ sì padà sípò.

"Ta ni Baba?" ó ní. "Kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ilé yìí."

Ọ̀gá àgbà ṣí bébà náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lórí bébà mọ́kànlélógójì, mi ò kọ Harold lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹnu tó kọ̀ láti pè é, ọwọ́ náà ti bá a kọ̀, mi ò sì mọ̀.

Mo yíjú sí Lisa. "O rí 'whom', o yọ ọ́. O rí 'fewer', o yọ ọ́. O rí Baba lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, o kò fi pẹ́ńsùlù kàn án rí. Bí o kò bá mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ta ni o ń tẹ̀ sábẹ́ orúkọ Harold?"

"Mo kàn ń méfò ẹni tó lè jẹ́ ni."

Ọ̀gá àgbà ní ìméfò kì í ṣe àkọsílẹ̀, ṣùgbọ́n bébà tí kò ní orúkọ aláìsàn, òun náà kì í ṣe àkọsílẹ̀. Ó ní kí n lọ jókòó sílé títí wọn yóò fi rí ẹni tí yóò jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ náà.

Mo jókòó sílé fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Òjò tí kì í le ń rọ̀. Nígbà tí mo pe ilé ní ọjọ́ Àìkú, bàámi gbọ́ ẹ̀ẹ̀kan péré tí mo ní "sà", wọ́n ní, "Ohùn rẹ ti yí. Sọ ọ́." Mo sọ gbogbo rẹ̀, láti orí ìkìlọ̀ àti báírò tí wọ́n gbà. Mò ń gbọ́ ẹ̀rọ ìlọta aládùúgbò lẹ́yìn wọn.

"O kò kọ orúkọ?"

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé a kì í pe àgbà lórúkọ, sà."

"Fún ẹnu ni mo kọ́ ẹ. Ta ló ní kí o gbé e dé orí ìwé? Nínú ìwé orúkọ tí mo fi ń pe àwọn òbí sípàdé, ṣé o rí ibi tí mo kọ Bàbá Ràfíù sí?"

"Rárá, sà."

"Àṣìṣe tìrẹ nìyẹn. Fa ìlà sí i. Èyí tó kù kì í ṣe tìrẹ." Wọ́n wá fi kún un pé kí n jẹun.

Bàbá dé láti ọsibítù ní ọjọ́ kẹwàá, pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ aláìsàn, ẹsẹ̀ òsì nínú báńdéèjì. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Nígbà tí mo dé, ọ̀gá àgbà àti Lisa ti wà nínú yàrá wọn.

"Harold," ni ọ̀gá àgbà wí, pẹ̀lú ohùn tí wọ́n fi ń bá ọmọ ọwọ́ sọ̀rọ̀, "ǹjẹ́ o mọ ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí tó ń jẹ́ Baba?"

Bàbá wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Ta ló ń béèrè?"

"Èmi ni. Ọ̀gá ilé yìí."

"Àbí. Ojú rẹ ṣàjèjì sí mi." Wọ́n gbé ọwọ́ sókè, wọ́n fi ìka tọ́ka sí àyà ara wọn. "Baba rèé. Ẹyọ kan ṣoṣo tó wà níbí nìyí. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ọmọ yìí fi ń sọ fún obìnrin yẹn pé gìgísẹ̀ mi ti ń jẹrà. Lẹ́nu ọ̀nà yẹn ló ti sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹta. Ẹsẹ̀ mi ló ń dùn mí, etí mi kò kú." Wọ́n wá yí kẹ̀kẹ́ wọn díẹ̀ sí Lisa. "Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú. Ta ló pa á rẹ́?"

Lisa ń wo fèrèsé.

Bí ẹ bá ń retí ibi tí wọ́n ti bẹ̀ mí, ẹ má retí mọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, lẹ́tà dé. Gbólóhùn méje ni, mo sì ka àṣìṣe mẹ́sàn-án nínú rẹ̀. Wọ́n kọ orúkọ mi lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n kọ ọ́, kò sì sí èyí tó tọ́ nínú méjèèjì. Wọ́n ní "no further action will be took". Wọ́n ní mo lè padà sẹ́nu iṣẹ́, àti pé kí n máa kọ orúkọ àwọn aláìsàn. Lisa? Wọ́n gbé e lọ sí ilé mìíràn tí wọ́n ní, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkun. Òun ni ọ̀gá níbẹ̀ báyìí. Bébà àwọn àjèjì ibẹ̀ ló ń tún ṣe.

Ní àárọ̀ tí mo padà, kí n tó tẹ ohunkóhun sínú kọ̀ǹpútà, mo wọ yàrá Bàbá, mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́ wọn.

"Kí lo ń wá nílẹ̀?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Láti òní lọ, màá máa kọ orúkọ yín."

Wọ́n rò ó. "Kọ ọ́," wọ́n ní. "Ṣùgbọ́n má pè é."

Mo ka lẹ́tà náà fún bàámi lórí fóònù. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n ya fọ́tò rẹ̀, kí n fi ránṣẹ́. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n gun ọ̀kadà lọ sí ìdí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó wà lẹ́bàá sẹkitéríàtì ní Akanran, wọ́n ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, wọ́n gbé e padà sí fàráńdà wọn, wọ́n jókòó tì í. Ó pẹ́ kí fọ́tò tí wọ́n fi dá mi lóhùn tó ṣí tán lórí fóònù mi. Bí ó ṣe ń ṣí láti òkè, pupa ni mò ń rí. Ìlà mẹ́sàn-án, ẹyọ kan ṣoṣo fún àṣìṣe kọ̀ọ̀kan, èyí tó tọ́ sì wà lókè rẹ̀. Wọ́n kọ orúkọ mi sórí méjèèjì tí wọ́n bàjẹ́, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀ pé. Ní ìsàlẹ̀ wọ́n pín máàkì bí wọ́n ṣe máa ń pín in fún lẹ́tà, wọ́n sì fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ kí àwọn tó ni ín lè kà á. Ètò: mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Ìlò èdè: méjì nínú mẹ́wàá. Kókó ọ̀rọ̀: òdo, ẹni tó kọ ọ́ kò tọrọ àforíjì. Lábẹ́ gbogbo rẹ̀, wọ́n kọ ohun tí kò sí akẹ́kọ̀ọ́ Akanran kan tí àyà rẹ̀ kì í já tó bá rí i: kí o wá rí mi.

Mo tẹ̀ ẹ́ jáde ní ilé ìkàwé ìlú náà, pẹ̀lú àwọ̀ rẹ̀. Bàbá fi gíláàsì ojú wọn kà á, wọ́n kà á lẹ́ẹ̀kejì.

"Ta ló kọ eléyìí?"

"Bàámi ni."

"Lẹ̀ ẹ́ síbi tí mo ti lè rí i."

Mo ti ka òfin ilé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Pátákó ìfilọ̀ jẹ́ tiwọn, ṣùgbọ́n ògiri yàrá jẹ́ ti ẹni tó ń gbé inú rẹ̀. Ohun tí ó bá ní kí a lẹ̀ mọ́ ọn, kò sí òṣìṣẹ́ tó ní àṣẹ láti yọ ọ́. Mo lẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ní ibi tí ojú ẹni tó bá dúró máa bọ́ sí.

Ọ̀gá àgbà wá ní ọjọ́ Ajé. Ó dúró. Ó kà á dé ìsàlẹ̀. Báírò dúdú wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń yí i po. Ó yíjú sí mi nígbà tó yá, ó béèrè pé ta ni kí òun lọ rí, àti níbo.

Mo ń wẹ ẹsẹ̀ Bàbá lọ́wọ́. Mi ò dìde.

"Akanran," mo ní.